Bí ẹ ṣe máa yan oníléèdì fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtijọ́ yín ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti ń rú èéfín, ó sì ń mu ọ́ìlì. Ọ̀dọ̀ oníléèdì wo ni kí n gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ?" Oníléèdì ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ẹ́ńjìnì sí ìwọ̀n. Ará Ìjẹ̀bú-Òde ń béèrè, ará Ṣágámù ń béèrè, ará Àgọ́-Ìwòyè náà ò gbẹ́yìn. Tí Iléyá bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí kálukú ń fẹ́ gbé ọkọ̀ àtijọ́ jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, mi ò ní ráyè gbé fóònù sílẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ lónìí lè fẹ̀yìn tì lọ́la, kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tí ò tíì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Bí ẹ ṣe máa fi ojú ara yín dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé irin tí ẹ̀rọ bá ti gé kúrò, ó ṣòro láti dá a padà. Ẹni tó ń wọn nǹkan dáadáa kó tó gé e, tó sì lè là á mọ́lẹ̀ fún yín pé "èyí ò nílò gígé," òun ni ẹ ń wá.

Kí ẹ tó jáde nílé: irú ẹ́ńjìnì wo lẹ ní?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń bọ́ọ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé sìlíńdà (ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) kó fẹ̀ sí i. Tí ẹ ò bá mọ tiyín, wọ́n á ta iṣẹ́ tí ẹ ò nílò fún yín.

*Peugeot 504.* Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ìdí nìyẹn tí 504 fi pọ̀ ní gáréèjì àwọn bàbá wa. Písítìn ẹ́ńjìnì 1.8 rẹ̀ jẹ́ mílímítà 84, ti 2.0 jẹ́ 88. Sílíìfù rẹ̀ (irin roboto tó jẹ́ ojú sìlíńdà) ṣeé fà yọ, omi ló yí i ká nínú bílọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì gan-an. Tó bá ti jẹ, sílíìfù àti písítìn tuntun lẹ máa rà papọ̀ ní sẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó kù fún oníléèdì ni kíráńkì (irin tí àwọn písítìn ń yí), tọ́ọ̀pù-sìlíńdà (ìdérí ẹ́ńjìnì lókè, ibi tí fáàfù wà), àti wíwọn bí orí sílíìfù kọ̀ọ̀kan ṣe yọ díẹ̀ ju ojú bílọ́ọ̀kù lọ. Yíyọ yẹn kéré débi pé ìka ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i, síbẹ̀ òun ló ń tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá bára mu, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á máa jó ṣáá, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin oní-504: tí ẹ bá ti ṣí tọ́ọ̀pù, ẹ má ṣe yí kíráńkì láìfi nǹkan de sílíìfù mọ́lẹ̀. Písítìn á gbé e sókè, ohun tó ń dí omi nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì já. Omi á wá máa wọnú ọ́ìlì.

*Volkswagen Ìjàpá.* Atẹ́gùn ló ń tù ú. Sìlíńdà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró lóde, tuntun lẹ máa rà (ti 1600 jẹ́ mílímítà 85.5). Àpótí ẹ́ńjìnì rẹ̀ pín sí méjì, irin fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní magnesium ni wọ́n fi ṣe é, ẹnu ihò síkúrù rẹ̀ sì máa ń fà yọ. Oníléèdì tí ò tíì ṣiṣẹ́ Ìjàpá rí, ẹ má fi tiyín kọ́ ọ níṣẹ́.

*Mercedes W123 oníbẹntiróòlù, Datsun, Corolla àtijọ́.* Inú bílọ́ọ̀kù gan-an ni ojú sìlíńdà wà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń bọ́ọ̀, tí wọ́n sì ń fi písítìn tó tóbi díẹ̀ sí.

*Morris Minor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.* Tọ́ọ̀pù wọn jẹ́ irin dúdú, epo bẹntiróòlù olójé ni wọ́n ń mu nígbà tí wọ́n dé. Irú epo yẹn ti kúrò lọ́jà wa tipẹ́. Ẹ béèrè bóyá oníléèdì lè fi ìjókòó fáàfù tó le sí i, tí ẹ bá fẹ́ máa wà á lọ sọ́nà jíjìn.

Bí ẹ ṣe máa tú u

1. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, pàápàá nọ́ńbà tó wà lára bílọ́ọ̀kù.
2. Ẹ fi nọ́ńbà sára kọ́ọ̀nù-róòdù (irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì) kọ̀ọ̀kan àti kápù rẹ̀. Papọ̀ ni wọ́n lu wọ́n, wọn kì í gba ti ẹlòmíì.
3. Ẹ fi pọ́ńṣì lu àmì tiyín sí kọ́lọ́fín kan lára bílọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù, níbi tí ẹ̀rọ ò ti ní gé e. Ti kíráńkì, orí rẹ̀ níwájú ni kí ẹ lù ú sí, kì í ṣe ibi tí bẹ́ríǹgì ń jókòó. Tọ́ọ̀pù 504 jọra wọn, àṣìṣe sì lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ jalè.
4. Ẹ má da bẹ́ríǹgì àtijọ́ nù. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: tí ẹ bá rí STD (sitáńdáàdì, ìwọ̀n tó bá ilé iṣẹ́ wá), wọn ò tíì fi ẹ̀rọ lọ kíráńkì yẹn rí. Tí ẹ bá rí 0.25 tàbí 0.50 (mílímítà), wọ́n ti lọ̀ ọ́ nígbà kan, àyè tó kù ò tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ipò kọ̀ọ̀kan sí i. Bí wọ́n ṣe jẹ máa sọ fún oníléèdì gidi bóyá kíráńkì ti wọ́.
5. Ẹ fi ọ́ìlì pa kíráńkì, ẹ wé e ní aṣọ, ẹ gbé e sínú àpótí tí kò ti ní yí. Ẹ má jù ú sí búùtù Micra. Lásìkò òjò, òru ọjọ́ kan péré ti tó kí ìpẹtà mú ojú irin tó ń dán.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfìfo

Ẹ má gbé ẹ́ńjìnì dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹrù yín bá ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ojú á máa tì yín láti gbé e kúrò. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀sán Jímọ̀, ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lè ti lọ kírun.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè mú dání ni písítìn àtijọ́ kan. Ẹ kí ọ̀gá, kí ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwọ̀n èyí." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Písítìn ò rí roboto bí ẹ ṣe rò, ó tẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ sì kéré ju ìdí lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á nu ún, á nu ẹnu máíkírómítà (irinṣẹ́ ìwọ̀n) rẹ̀ náà, á wọ̀n ọ́n lápá ìsàlẹ̀, ní ìdábùú sí ihò pín-ìnì, irin tó so písítìn mọ́ kọ́ọ̀nù-róòdù. Àwọn kan tiẹ̀ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi máíkírómítà gbá orí písítìn mú, tó sì pe nọ́ńbà jáde kíákíá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má tiẹ̀ jókòó.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ fojú wo àwọn nǹkan wọ̀nyí náà:

- *Ibi tí irinṣẹ́ ìwọ̀n ń sùn.* Inú àpótí rẹ̀ ni, àbí ó wà láàárín òòlù àti sípánà? Máíkírómítà tó ti jábọ́ máa ń purọ́.
- *Iṣẹ́ tí wọ́n ti parí.* Ẹ wo kíráńkì tí oníbàárà ò tíì wá gbé. Ṣé wọ́n fi ọ́ìlì pa á, wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó, àbí eruku àti irin wẹ́wẹ́ ti bò ó?
- *Ta ni oníbàárà wọn?* Lójú ọ̀nà márosẹ̀ lápá Ṣágámù àti Ògèrè, tírélà ló pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣiṣẹ́ tírélà lè mọṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ rẹ̀ gba kíráńkì kékeré, àti pé ọwọ́ wọn mọ́ra fún irin fúyẹ́.
- *Ta ló ń yí ẹ̀rọ?* Ọ̀gá lè mọ ọ̀rọ̀ sọ, kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò bọ́ọ̀ ẹ́ńjìnì yín.

Ọ̀rọ̀ iná gba àlàyé díẹ̀. Tí NEPA bá mú iná nígbà tí ẹ̀rọ wà láàárín sìlíńdà, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á dúró gbọnrangandan síbi tó wà, á sì fa ìlà sójú irin. Ìlà yẹn lè jìn ju ohun tí wọ́n fẹ́ gé lọ, ìyẹn ni pé písítìn tí ẹ ti rà ti di aláìwúlò. Ẹ béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn lè gbé ẹ̀rọ ìbọ́ọ̀rìn, tàbí gílóòbù àti fáànù nìkan ló ń gbé. Èmi fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù tó bá sọ fún mi pé orí jẹnẹrétọ̀ nìkan làwọn ti ń gé ojú ìkẹyìn, bó tilẹ̀ máa mú kí owó lé díẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n, àti ìdáhùn tó yẹ kí ẹ gbọ́

"Ọ̀gá, ẹ máa bọ́ọ̀ ọ sí iye wo?" Ìdáhùn tó dáa ni: "Ẹ kọ́kọ́ lọ ra písítìn wá." Ẹni tó ní òun máa bọ́ọ̀ ọ sí "twenty" (ohun tí wọ́n ń pe 0.50 mílímítà) kó tó rí písítìn, ó ń méfò ni. Písítìn tí wọ́n kọ 0.50 sí lára lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì rẹ̀, àyè tó yẹ kó wà láàárín òun àti sìlíńdà sì kéré púpọ̀.

"Ṣé ẹ máa kọ ìwọ̀n sílẹ̀ fún mi, kí ẹ tó gé e àti lẹ́yìn rẹ̀?" Èyí ni ìbéèrè tó ń ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé. Tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní "ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" ẹ bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún un.

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí kíráńkì bá sán?" Ó yẹ kó ní ọ̀nà kan yàtọ̀ sí kó fi òòlù lù ú gbọ́ dídún rẹ̀. Tí kò bá ní ẹ̀rọ máginẹ́ẹ̀tì tó ń fi ibi tí irin ti sán hàn, kó sọ ibi tí ẹ ti lè rí i.

"Ṣé ẹ ti ṣe irú èyí rí?" Ẹ béèrè fún oníbàárà kan tí ẹ lè pè. Ìjẹ̀bú kò tóbi, ẹ ó rí ẹni tó mọ ẹni náà.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tí ẹ ti máa la ojú yín

*Bọ́ọ̀rìn.* Wíwọ̀n ló ṣáájú: lókè, láàárín, nísàlẹ̀, ní gbọọrọ àti ní ìdábùú. Tí jíjẹ rẹ̀ kò bá tíì kọjá ohun tí ìwé ọkọ̀ gbà, họ́ọ̀nù (fífi òkúta ẹ̀rọ fá ojú sìlíńdà fẹ́ẹ́rẹ́) àti ríǹgì písítìn tuntun ti tó, owó bọ́ọ̀rìn á wà lápò yín. Tí wọ́n bá máa bọ́ọ̀ ọ, kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù tí òkúta họ́ọ̀nù máa parí. Ojú sìlíńdà tó jáde dáadáa máa ń ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó gba orí ara wọn kọjá. Tó bá ń dán bíi dígí, ríǹgì ò ní jókòó, ọkọ̀ á sì tún máa mu ọ́ìlì. Lẹ́yìn họ́ọ̀nù, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni ká fi fọ̀ ọ́, títí aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún yóò fi jáde ní funfun. Bẹntiróòlù kì í kó ìyẹ̀fun òkúta yẹn jáde. Kí wọ́n yọ àwọn pọ́ọ̀gì ihò ọ́ìlì kí wọ́n tó fọ bílọ́ọ̀kù, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí.

*Kíráńkì.* Ibí ni mo ti máa ń le jù. Kíráńkì tí wọ́n lọ̀ dáadáa máa ń ní ìyíká kékeré ní igun tí ojú rẹ̀ ti pàdé ògiri. Oníléèdì tó ń kánjú á gé igun yẹn ṣánṣán. Yóò dán, yóò wu yín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni kíráńkì á ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀. Ẹ fi èékánná yín fa igun náà: ó yẹ kó yọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má kọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wo ẹnu ihò ọ́ìlì pẹ̀lú, kó má mú bí abẹ, kó má baà máa fá bẹ́ríǹgì. Ẹ ra bẹ́ríǹgì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ iye tí wọ́n máa lọ̀ ọ́ dé, kí ẹ sì gbé e wá kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Tí wọ́n bá ní "a máa jó o ní wẹ́ídìn, a á wá lọ̀ ọ́ padà sí sitáńdáàdì," ẹ wá kíráńkì míì. Wọ́n ń ṣe é, àwọn kan sì ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n iná wẹ́ídìn lè wọ́ kíráńkì, ó sì lè sọ ọ́ di ohun tó ń sán.

*Tọ́ọ̀pù-sìlíńdà.* Ti 504 àti Mercedes W123 oníbẹntiróòlù jẹ́ alumínọ́ọ̀mù. Ẹ ní kí wọ́n fi rúlà irin títọ́ àti fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àyè tó há) yẹ̀ ẹ́ wò níwájú yín kí wọ́n tó fá a. Tí kò bá tẹ̀, kí ni wọ́n ń fá? Fífá tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì, fáàfù sì lè máa kan písítìn. Kí wọ́n dí i, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú omi gbígbóná, kí ẹ lè rí ibi tó bá sán. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má rẹ ẹ́ sínú sódà líle, torí sódà máa ń jẹ alumínọ́ọ̀mù.

Owó àti àdéhùn

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn ìwé èrè tẹ́tẹ́ lẹ rí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye owó rẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n máa gé e dé, ọjọ́ tó máa jáde, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá bà á jẹ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ojú máa ń ti èèyàn láti béèrè, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ san díẹ̀, ẹ fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n. Mẹ́káníìkì yín lè fẹ́ bá yín gbé owó náà lọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jọ lọ ni.

Ẹ má ti wọn ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n sáré ṣe kó lè bá Ojúde Ọba, ẹ ó tún un tú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí mẹ́káníìkì gé agolo mílíìkì sẹ́yìn bẹ́ríǹgì kó lè há, tàbí kó fi fáìlì fá kápù. Ó máa dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á nọ́ọ̀kì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
- Fífi sáńpépà fá kíráńkì dípò lílọ̀ ọ́.
- Fífi ríǹgì tuntun sójú sìlíńdà tó ti ní èjìká lókè, níbi tí ríǹgì kì í dé tí irin ò fi jẹ. Ríǹgì á máa gbá èjìká yẹn, á sì ṣẹ́.
- Ríra písítìn méjì níbìkan, méjì níbòmíì. Ìwúwo wọn ò ní bára mu.
- Fífi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún oníléèdì fún oṣù púpọ̀ láìbojú wò ó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á

- Ṣé àmì pọ́ńṣì yín ṣì wà níbẹ̀?
- Ṣé ìwé ìwọ̀n wà lọ́wọ́ yín, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan àti ojú kíráńkì kọ̀ọ̀kan?
- Ṣé wọ́n ti fi nọ́ńbà sí písítìn, kí ẹ mọ èyí tó ni sìlíńdà kìíní?
- Ẹ ní kí wọ́n wọn méjì níwájú yín, kí ẹ fi wé ìwé.
- Ṣé gbogbo kápù àti síkúrù pé? Ẹ kà á.
- Ṣé wọ́n ti fi ọ́ìlì pa á?

Tí ìwọ̀n ò bá bá ìwé mu, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Tó bá ti dé ilé yín, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn.

Tí ẹ ò bá rí ẹni tó tẹ́ yín lọ́rùn

Kò pọn dandan kí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ lè ṣe tọ́ọ̀pù ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ gbé kíráńkì nìkan lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìrìnàjò Ládípò ní Mùṣín tí ẹ fẹ́ lọ ra písítìn, ẹ lè fi gbé kíráńkì dání lọ́jọ́ kan náà.

Tí bọ́ọ̀rìn bá ti dé òpin, tí kò sí písítìn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, oníléèdì tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ ojú sìlíńdà, kó tẹ sílíìfù tuntun sí i, kí ẹ wá padà sí sitáńdáàdì. Mo fẹ́ràn èyí ju pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì lọ, torí bílọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ á ṣì wà lára ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ló kù lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí fáàfù kí ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ sì gba ríṣíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà. Ẹ lọ yí nọ́ńbà yẹn padà nínú ìwé ọkọ̀ ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí ẹ tó gbé e jáde, nítorí tí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà ò bá ìwé mu, àlàyé yín á gùn. Bílọ́ọ̀kù àtijọ́, ẹ fi ọ́ìlì pa á, ẹ wé e, kí ẹ gbé e sórí pákó, má jẹ̀ẹ́ kó kan ilẹ̀.